C. S. Lewis Nínú Ọ̀fọ̀: Ibi Tí Ìwé Rẹ̀ Kù Sí

Àwọn kan lára ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ máa ń bi mí pé ìwé wo ni kí Kristẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kà. Èyí tí mo sábà máa ń dárúkọ ni A Grief Observed ti C. S. Lewis. Ìwé kékeré ni, èèyàn lè kà á tán lóòjọ́. Àmọ́ ó níbi tí mo ti ń bá a jiyàn, ibẹ̀ ni mo ń lọ.

Oṣù Keje ọdún 1960 ni Joy Davidman, ìyàwó Lewis, kú. Àrùn jẹjẹrẹ ló pa á. Lewis ń kọ ohun tó ń rò sínú ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́rin tó rí nínú ilé, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1961. Orúkọ ìnagijẹ ló lò: N. W. Clerk. Àwa onímọ̀ èdè á gbádùn èyí: ìkékúrú “Nat Whilk” ni N. W., èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni “mi ò mọ ẹni náà”. Ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ nítorí ìwé ìgbàgbọ́ ló fi orúkọ bojú kó tó lè sunkún.

Òótọ́ inú ni iyì ìwé náà. Ní 1940, nínú The Problem of Pain, Lewis ṣàlàyé ìyà bí olùkọ́. Níbí, ó ń bèèrè pé Ọlọ́run dà. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ sọ òtítọ́ ẹ̀sìn tàbí iṣẹ́ tí ẹ̀sìn gbé lé wa lọ́wọ́, òun á gbọ́. Ẹni tó bá gbé ìtùnú ẹ̀sìn wá, kò yé olúwarẹ̀. Ó tọ̀nà. Ẹ wo àwọn ìjọ wa: a ò tíì sin òkú tán tí wọ́n ti ń sọ fún opó pé kó má sunkún mọ́. Bẹ́ẹ̀, Róòmù 12:15 ní ká bá ẹni tó ń sunkún sunkún ni.

Ibi tí mo ti yà lọ́dọ̀ rẹ̀ nìyí. Ó ní àwọn tó ń pàdé òun kì í mọ̀ bóyá kí wọ́n sọ̀rọ̀ tàbí kí wọ́n dákẹ́, méjèèjì ló sì ń bí òun nínú. Ó wá ti ara rẹ̀ mọ́lé pẹ̀lú ìbéèrè rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo “ẹ kú àráfẹ́rakù”. Ara fẹ́ ara kù: ẹnì kan ń wá ẹnì kejì, kò rí i. Ẹni tó ń kí ni kò ṣàlàyé ohun tí Ọlọ́run ṣe. Ó kàn jẹ́rìí pé ẹnì kan ò sí mọ́. Ọlọ́fọ̀ náà á dáhùn pé, “Ẹ ṣé o, a ò ní fi irú ẹ̀ san án fún yín.” Ṣé ẹ rí i? Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ló tún ń súre fún ẹlòmíì. Iṣẹ́ ti dé ọwọ́ rẹ̀ kó tó rí ìdáhùn kankan.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà nínú ilé Lewis: David àti Douglas, ọmọ méjì tí Joy bí. Ó ní tóun bá ti mẹ́nu ba ìyá wọn, ìtìjú lòún ń rí lójú wọn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì kọjá. Ó wù mí kó dúró níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ làwọn ọmọ náà wà títí tó fi kú ní oṣù Kọkànlá 1963. Jòhánù 19 mọ ibẹ̀ dáadáa: lórí àgbélébùú, Jésù fa ìyá rẹ̀ lé ọmọ ẹ̀yìn kan lọ́wọ́, ìyẹn sì mú un lọ sílé.

Látìgbà tí ìyàwó tèmi ti lọ, ọmọ aládùúgbò tó ń gbé iṣẹ́ àmúrelé wá ní ìrọ̀lẹ́ ló ń mú mi dìde ju ẹ̀kọ́ ìsìn lọ.

Ẹ ka ìwé náà, pàápàá tí wọ́n bá ń ní kẹ́ ẹ má sunkún. Tẹ́ ẹ bá kà á tán, ẹ bi àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣọ̀fọ̀ nínú ilé léèrè ohun tí wọ́n rántí nípa olóògbé. Ẹ sì mú sùúrù gbọ́ ọ.