Bọ́kẹ́ẹ̀tì Kan, Èémí Kan

Láti Ìpókíá sọ̀kalẹ̀ lọ sí erékùṣù Tongeji létí ààlà Benin, omi ni ọ̀nà. Omi yìí kan náà ló gba Àgbádárìgì lọ bá ọ̀sà Èkó. Orí rẹ̀ ni mo ti rí ọkùnrin Ẹ̀gùn kan tó ń wa yanrìn, tí mi ò lè mójú kúrò lára rẹ̀.

Wọ́n ti ri ọ̀pá gígùn kan mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ó mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbá bọ́kẹ́ẹ̀tì mú, ó di ọ̀pá mú, ó sì wọ omi lọ láìta á sókè. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ̀. Omi ọ̀sà dúdú, kò sóhun téèyàn lè rí nísàlẹ̀, nítorí náà àtẹ́lẹsẹ̀ ló fi ń mọ yanrìn yàtọ̀ sí ẹrẹ̀. Ẹni tí kò tíì mọ iṣẹ́, ẹrẹ̀ ni yóò gbé wá sókè.

Wọ́n ní iṣẹ́ agbára ni. Agbára nìkan kọ́! Yanrìn tútù tó kún bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 10 wúwo tó kìlógíráàmù 20, ṣùgbọ́n bó bá ṣì wà lábẹ́ omi, omi ń bá a gbé ìdajì rẹ̀. Ọkùnrin yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀ láìkà á níwèé. Bó ṣe yọrí, ó gbé ẹnu bọ́kẹ́ẹ̀tì lé etí ọkọ̀ nígbà tí ìdí rẹ̀ ṣì wà lómi, ó dà á gẹ̀rẹ̀, yanrìn ṣàn wọlé. Kò fìgbà kan dá gbogbo ẹrù náà gbé.

Ní 1943, Jacques Cousteau àti Émile Gagnan ṣe ẹ̀rọ tí èèyàn fi ń mí lábẹ́ omi láti inú àgbá afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Èèwọ̀ àkọ́kọ́ fún ẹni tó ń lò ó ni kó sé èémí, torí bó bá ń gòkè, afẹ́fẹ́ náà á wú, á sì ya ẹ̀dọ̀fóró. Ní ti awayanrìn, èémí sísé ni gbogbo iṣẹ́. Afẹ́fẹ́ tó gbé wọ omi náà ló ń gbé bọ̀, kò lè wú ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Etí ló ń jìyà: ní mítà 5, ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ ti fi ìdajì ju ti orí ilẹ̀ lọ.

Nígbà tí etí ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi dọ́gba, ó gòkè wá, ó dorí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbá a pẹ́pẹ́ kí omi lè jáde létí rẹ̀. Wọ́n ta ìgbòkun.