Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Láyé Àtijọ́: Láti Arioka dé Ìfọ̀nyìn

Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sí ayé àtijọ́ kò ní ọlọ́pàá, kò ní ìtẹ̀ka, kò sì ní dókítà tí yóò yẹ òkú wò. Ọ̀nà tí àwọn èèyàn ìgbà náà ń gbà wá òtítọ́ nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọ̀nà yẹn kò bá gbé ìtàn náà ró, aṣọ àtijọ́ lásán ni òǹkọ̀wé wọ̀ fún èèyàn òde òní.

Yonezawa Honobu, òǹkọ̀wé ará Jàpáànì, mọ èyí dunjú. Nínú Kokurojo, ìwé 2021 tó gba ẹ̀bùn Naoki, ọdún 1578 la wà ní Jàpáànì. Jagunjagun kan, Araki Murashige, ti ṣọ̀tẹ̀ sí ọ̀gá rẹ̀, Oda Nobunaga, ó wà nínú odi Arioka. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n fi ṣe ìdógò kú nínú yàrá tí ẹ̀ṣọ́ yí ká. Ojú ọgbẹ́ jọ ti ọfà, ṣùgbọ́n wọn ò rí ọfà. Yìnyín bo àgbàlá, kò sí ipasẹ̀ lórí rẹ̀. Àwọn kan ti ń sọ pé ìyà àtọ̀runwá ni. Ọgbọ́n ìwé náà wà níbí: bí àwọn jagunjagun bá gbà pé ọ̀run ti dá ẹjọ́, ọkàn wọn yóò yẹ̀ lẹ́yìn ọ̀gá wọn. Ìdí nìyẹn tí Murashige fi sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Kuroda Kanbei, ẹlẹ́wọ̀n rẹ̀, fún ìmọ̀ràn.

Ṣáájú Yonezawa, ní 1922, òǹkọ̀wé ará Jàpáànì mìíràn, Akutagawa, ti jẹ́ kí òkú jẹ́rìí láti ẹnu abókùúsọ̀rọ̀ nínú ìtàn kúkúrú rẹ̀, Yabu no Naka. Ẹ̀rí òkú náà kò yanjú ọ̀rọ̀.

Nílẹ̀ wa, Kọ́lá Akínlàdé kọ Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? ní 1971; Akin Olúṣínà rẹ̀ jẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ayé ọlọ́pàá. Lápàdé inú Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ti ṣe ọlọ́pàá rí. Adébáyọ̀ Fálétí ló padà sí ayé agbára Ọ̀yọ́ nínú Ọmọ Olókùn Ẹṣin, ní 1969, àmọ́ ọ̀tẹ̀ ló ń sọ, kì í ṣe àdììtú. Ìlà méjì yìí, ti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àti ti ayé àtijọ́, yẹ kó pàdé, mo sì gbà pé ìlú Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ń kọ ní Ifangni, dára fún un. Ilẹ̀ Ànàgó, níbi tí Ìfọ̀nyìn wà, ni àwọn oníṣòwò Ọ̀yọ́ ń gbà lọ sí Àjàṣẹ́ létí ọ̀sà láyé àtijọ́. Àwọn Ègùn wà nítòsí, Sàngbétò wọn ló ń ṣọ́ òru. Afurasí ń búra lórí irin Ògún. A sì ń lọ bi Ifá.

Ká ní òkú oníṣòwò kan wà lẹ́bàá ọ̀nà yẹn. Òǹkọ̀wé tó bá sọ babaláwo di òpùrọ́ kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rẹ̀ lè gbọ́n, ó ti yan àwọn èèyàn rẹ̀ jẹ. Èyí tó bá sì jẹ́ kí odù dárúkọ apànìyàn ti pa ìtàn náà kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ Ifá kì í sábà dárúkọ ẹni tí à ń wá. Ìtàn ni yóò sọ, ẹni tó wá dífá ni yóò mọ ibi tó ti bá òun wí. Ohun tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nílò gan-an nìyí: ẹ̀rí tó jẹ́ òótọ́, tí a sì lè ṣì túmọ̀.

Fálétí ti kọ́ wa bí a ṣe ń fi ìtàn kan sí ẹnu ju ẹnì kan lọ. Nínú ìwé ti Ìfọ̀nyìn, ọ̀kan nínú àwọn ẹnu náà ní láti purọ́, lẹ́yìn tó ti fi ahọ́n kan irin.