Fíìmù Barbara: Òkun Tí A Kì Í Fi Bẹ́ẹ̀ Rí

Ọ̀pọ̀ ìtàn etíkun tí àwọn ará Jámánì ń ṣe fún tẹlifíṣọ̀n, irú Küstenwache tí wọ́n ṣe láti 1997 sí 2016, kò ju ọkọ̀ ojú omi tó ń lé ọ̀daràn lọ. Barbara tí Christian Petzold gbé jáde ní 2012 yàtọ̀. Ọdún 1980 ni ìtàn náà wáyé, nígbà tí Jámánì ṣì pín sí méjì. Dókítà obìnrin kan bẹ̀bẹ̀ pé òun fẹ́ kó lọ sí Ìwọ̀-Oòrùn. Ìjọba Ìlà-Oòrùn fi ìyà jẹ ẹ́, wọ́n gbé e kúrò ní Berlin lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí Òkun Baltic. Níbẹ̀ ló ti ń fi owó pamọ́, tó ń dúró de alẹ́ tí yóò gba orí omi sá lọ sí Denmark.

Ohun tó wù wá jù ni pé òkun kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Atẹ́gùn rẹ̀ là ń gbọ́ lára igi bí obìnrin náà ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́.

Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní bó bá dé ọ̀hún, kò ní nílò iṣẹ́ mọ́, owó tòun tó àwọn méjèèjì. Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ojú obìnrin náà! Nígbà tí alẹ́ ọ̀hún dé, ó fi àyè tirẹ̀ nínú ọkọ̀ fún Stella, ọmọbìnrin aboyún tó sá kúrò ní ọgbà ìjìyà àwọn ọ̀dọ́.

Àwọn kan lè ní ó yẹ kí Petzold fi hàn wá bóyá Stella gúnlẹ̀. Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Dókítà náà padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn, ó jókòó, kò sọ ọ̀rọ̀ kan.