Ìmọ̀, Ìgbàgbọ́ àti Ojú: Ìṣòro Títúmọ̀ Epistēmē àti Doxa sí Yorùbá

Láti ìgbà tí Barry Hallen àti J. O. Sodipo ti tẹ Knowledge, Belief and Witchcraft jáde ní 1986 ni ó ti rọrùn láti fi ìmọ̀ túmọ̀ epistēmē, kí a sì fi ìgbàgbọ́ túmọ̀ doxa. Ohun tí àwọn oníṣègùn Èkìtì là yé àwọn onímọ̀ méjèèjì ni pé ìmọ̀ ni èyí tí ó ṣojú ẹni. Ìgbàgbọ́ ni èyí tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn tí a sì gbà. Hallen àti Sodipo kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn Gíríìkì rí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi wé Yorùbá.

Plato fúnra rẹ̀ dà bí ẹni tí ó fọwọ́ sí ìtumọ̀ yìí. Nínú Theaetetus, Socrates mẹ́nu ba àwọn onídàájọ́ tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yí lọ́kàn padà lórí ọ̀ràn olè. Ẹni tí ọ̀ràn náà ṣojú rẹ̀ nìkan ni ó lè mọ̀ ọ́n. Bí àwọn onídàájọ́ bá tilẹ̀ dá ẹjọ́ náà bí ó ti yẹ, doxa tí ó tọ̀nà ni wọ́n ní, wọn kò ní epistēmē. Kò sí àgbà Yorùbá tí yóò jiyàn èyí: wọ́n gbọ́, wọ́n gbà, wọn kò mọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Politeia, ìwé tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Republic. Ní ìparí apá kẹfà, Plato fa ìlà kan, ó pín in sí mẹ́rin: noēsis àti dianoia wà lókè, pistis àti eikasia wà nísàlẹ̀. Ẹranko, ewéko àti ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe, àwọn ohun tí à ń fi ojú kòrókòró rí, ni pistis dá lé lórí. Pistis yìí kan náà ni Bíbélì Yorùbá pè ní ìgbàgbọ́ nínú Májẹ̀mú Tuntun. Nítorí náà, ohun tí ó ṣojú oníṣègùn kòró, tí ó pè ní ìmọ̀, ààyè ìgbàgbọ́ ni Plato fi í sí. Ìtumọ̀ náà kò kàn yẹ̀ díẹ̀. Ó dojú dé.

Doxa pàápàá kò ní etí nínú. Láti inú dokein ni ó ti wá, èyí ni pé kí nǹkan jọ bẹ́ẹ̀ lójú ẹni. Theaetetus sì pè é ní ọ̀rọ̀ tí ọkàn bá ara rẹ̀ sọ láìlanu. Èrò ni Yorùbá ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Èyí tí ó lárinrin jù ni oida, tí àwọn Gíríìkì ń lò lójoojúmọ́ fún "mo mọ̀". Gbòǹgbò rírí ni ó ti hù: ẹni tí ó ti rí ni ó mọ̀. Láti ibẹ̀ náà ni eidos àti idea ti wá. Ìrísí nǹkan ni wọ́n túmọ̀ sí (Yorùbá náà fa ìrísí yọ láti inú rí), kí Plato tó yá wọn lò fún ohun tí ojú ara kò lè tó. Ọ̀rọ̀ ẹnu ará Athens àti ti ará Èkìtì fara jọra. Plato ni ó yapa. Ìwádìí tí ó bá gbé ọ̀rọ̀ àwọn oníṣègùn ti Politeia, tí ó wá sọ pé Yorùbá gbẹ́kẹ̀ lé ojú ju Gíríìkì lọ, àríyànjiyàn ẹnì kan ni ó sọ di èrò gbogbo ìlú. Mọ̀ àti oida ni ó yẹ kí a fi wéra.

Òǹtumọ̀ lè lo èrò fún doxa láìbẹ̀rù. Epistēmē ni ó gba sùúrù. Bí ó bá kọ ìmọ̀ sílẹ̀, ojú ni òǹkàwé yóò kọ́kọ́ ronú kàn. Bẹ́ẹ̀, epistasthai tí epistēmē ti wá jẹ mọ́ mímọ bí a ti ń ṣe nǹkan. Ìmọ̀-ọ́n-ṣe sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Atukọ̀ àti oníṣègùn ni Socrates sáà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ ẹni tí ó mọ̀.