Ilẹ̀kùn Ààfin ní Ìlú Lọ́ńdọ̀nù

Ó ti pẹ́ tí àwọn òǹkọ̀wé kan ti ń sọ ọ́ pé aláìlórúkọ ni àwọn tó ṣe iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa láyé àtijọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti di àsọtúnsọ. Ọjọ́ kan tí èmi àti bàbá mi fi rìn kiri àwọn ilé ọnà Lọ́ńdọ̀nù ni mo rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti mẹ́hẹ.

Ní òwúrọ̀, a wo àwọn àwòrán inú National Gallery. Orúkọ ẹni tó kùn wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Bàbá mi ní, "Àwọn wọ̀nyí mọ iyì ọwọ́ oníṣẹ́."

Ní ọ̀sán, a sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìyàrá ilẹ̀ Áfíríkà nísàlẹ̀ British Museum. Ilé yìí ló ni ọ̀kan nínú àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1938. Kò sí ẹni tó mọ orúkọ ẹni tó dà á. Ṣùgbọ́n a mọ ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́: Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ni.

Ẹ wo làákàyè agbẹ́gilére. Ní apá kan ilẹ̀kùn, Ògògà jókòó lórí ìtẹ́ tòun ti adé; ní apá kejì, àwọn agbérù ru Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, bọ̀. Alágbára ayé ìgbà náà ló ká gúlútú sórí ohun tí wọ́n fi gbé e. Ọba kò mira. Ọlọ́wẹ̀ kò bú àlejò, kò sì pọ́n ọn. Ó fi olúkúlùkù sí àyè rẹ̀. Àwọn ère náà yọ síta tó bẹ́ẹ̀ tí òjìji wọn fi ń bọ́ sórí ọnà tó wà lẹ́yìn wọn.

Bàbá mi wò ó títí, wọ́n ní, "Ilẹ̀kùn tí kò ṣí, tí kò sì tì, kí ni à ń pè é?"

Ìbéèrè yìí lágbára. Ní ọdún 1924 ni wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà wá sí àfihàn ńlá ní Wembley, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà sì fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú Ògògà. Kì í ṣe ìkógun bíi ti Ìbíní ní ọdún 1897. Síbẹ̀, ta ni í bá ẹni tó ń ṣàkóso ìlú rẹ̀ nájà lọ́gbọọgba?

Ní ti orúkọ, bàbá mi ní, "Gbẹ́nàgbẹ́nà tí ọba ránṣẹ́ pè láti ìlú mìíràn, ṣé aláìlórúkọ ni?" Òótọ́ ni. Ọdún 1938 ni Ọlọ́wẹ̀ kú. Ní ọdún 1988, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣì kì í ní oríkì, olùwádìí John Pemberton sì gbọ́ ọ. Àádọ́ta ọdún kò pa orúkọ náà rẹ́ lẹ́nu aya.

Èrò tèmi nìyí: kì í ṣe pé àwọn oníṣẹ́ ọnà wa kò lórúkọ, àwọn tó ra iṣẹ́ wọn ni kò béèrè. Oríkì ni ìwé tí a kọ orúkọ wọn sí, àgbà ló sì mọ̀ ọ́n kà. Ẹni tó bá ń kọ ìtàn ọnà Yorùbá, kí ó kọ́kọ́ jókòó ti àwọn àgbà agbo ilé, kí ilẹ̀ tó ṣú.