Àgádágodo Ìbọn: Ta La Fẹ́ Tì Í Mọ́?

Bí oníbàárà bá gbé àgádágodo ìbọn ka iwájú mi, tó bi mí bóyá ó lágbára, ìbéèrè ni mo máa ń fi dá a lóhùn: ta lẹ fẹ́ tì í mọ́? Iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ gígẹ́ àti àgádágodo títúnṣe ni mò ń ṣe jẹun ní Baltimore, ní ìpínlẹ̀ Maryland. Àwa ọmọ Yorùbá pọ̀ níbí, àwọn kan nínú wa sì ti ń ra ìbọn bí àwọn onílùú ṣe ń rà á. Ẹni tó fẹ́ tì í mọ́ olè, ọ̀tọ̀ lohun tí màá fi hàn án. Ẹni tó fẹ́ tì í mọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Ẹni tó ní òun fẹ́ kí ẹyọ kan ṣoṣo ṣe méjèèjì, àfi ká jọ jókòó sọ̀rọ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn lowó rẹ̀ kéré jù. Okùn irin kan ni, wọ́n fi rọ́bà bò ó, àgádágodo kékeré sì wà nídìí rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n tilẹ̀ ń pín in. Láti ọdún 1999 ni NSSF, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣòwò ìbọn ní Amẹ́ríkà, ti ń pín in fáwọn èèyàn, èyí tó sì ti jáde lọ́wọ́ wọn ti lé ní mílíọ̀nù 40. Ọ̀pọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá ló ní in nínú páálí. Nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, àwọn èèyàn ò kà á sí.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lára ìbọn ìléwọ́. Ẹ ó kọ́kọ́ yọ àpò ọta tó wà nínú ibi tí ọwọ́ ń dì mú. Ẹ ó wá fa irin orí rẹ̀ sẹ́yìn títí yóò fi há síbẹ̀. Bí ọta kan bá ṣẹ́ kù nínú ihò, á fò jáde, ẹ ó gbọ́ ọ tó dún lórí tábìlì. Ẹ yọjú wo inú ihò náà, ẹ tún fi ìka kékeré tọ́ ọ wò, torí ojú máa ń tanni. Ìgbà náà lẹ ó ki okùn irin bọ ojú ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ó fà á gba inú ìdìmú tó ti ṣófo jáde nísàlẹ̀, ẹ ó fi orí kan ìdí, ẹ ó sì tì í. Irin orí ò lè padà síwájú mọ́, àpò ọta ò sì lè wọlé. Ìbọn ti di irin lásán.

Ohun tó ń wù mí níbẹ̀ ni pé kò sọ́gbọ́n téèyàn fi lè ti okùn yìí mọ́ ìbọn ìléwọ́ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ tú ọta inú rẹ̀ dànù. Ẹni tó ronú rẹ̀ mọ̀ pé ọmọ aráyé kì í ka ìkìlọ̀, ló bá kúkú fi ìkìlọ̀ náà sínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọgbọ́n oníṣẹ́ gidi nìyẹn lójú tèmi.

Èyí tí wọ́n ń fi há ibi ìfà ìbọn ò rí bẹ́ẹ̀. Abala méjì ni, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọ́n á pàdé láàárín, wọ́n á sì bo ibi ìfà náà mọ́lẹ̀. Ó dùn ún wò, ó sì máa ń wúwo lọ́wọ́, ìyẹn ló ń mú kí wọ́n fọkàn tán an. Àmọ́ èèyàn lè fi í sórí ìbọn tó kún fún ọta, bí kò bá sì há dáadáa, irin inú rẹ̀ lè tẹ ibi ìfà. Àwọn tó ń ṣe é gan-an ń kọ ọ́ sára páálí pé kẹ́nikẹ́ni má fi í sórí ìbọn tó ní ọta. Mélòó nínú wa ló ń ka ara páálí?

Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2001, CPSC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ọjà táráàlú ń rà, kéde pé nínú àgádágodo ìbọn 32 táwọn dán wò, 30 ló ṣeé ṣí láìlo kọ́kọ́rọ́. Lákòókò kan náà ni wọ́n ní kí wọ́n dá nǹkan bí 400,000 padà nínú àwọn okùn ọ̀fẹ́ yẹn, kí wọ́n fi òmíràn rọ́pò wọn. Kò ya àwa oníṣẹ́ lẹ́nu. Nínú àgádágodo tó dáa, pínnì márùn-ún tàbí mẹ́fà ló tò síbẹ̀, sípíríǹgì ń tì wọ́n, eyín kọ́kọ́rọ́ sì gbọ́dọ̀ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan dé ibi tó yẹ gẹ́lẹ́ kó tó lè yí. Bí mo bá ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọ irú rẹ̀, ìka mi ń gbọ́ bí pínnì kọ̀ọ̀kan ṣe ń jókòó, bí òmíràn ṣe ń tàn mí pé òun ti jókòó tó sì jẹ́ irọ́. Inú mi máa ń dùn sí èyí tó bá mú mi làágùn. Èyí tí kò dáa, bí ẹ bá gbá a mọ́ igun tábìlì, ó lè fúnra rẹ̀ ṣí.

Àpótí tó ń fi ìtẹ̀ka ṣí ló gbòde báyìí. Nọ́ọ̀sì kan tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ wá bá mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí tí mo lè ṣí nínú òkùnkùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì ni mo fẹ́." Mo ní, "Àbúrò, ẹ̀rọ tó bá ń kánjú ṣílẹ̀kùn lè ṣí i fún ẹni tí kò yẹ." Kì í ṣe àbá lásán ni mo dá. Ní DEF CON, ìpàdé àwọn tó ń wá àléébù ẹ̀rọ, ní Las Vegas lọ́dún 2012, Marc Weber Tobias, ògbóǹtarìgì nínú ọ̀rọ̀ àgádágodo, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn gbangba pé àwọn àpótí ìbọn kan wà tó jẹ́ pé téèyàn bá gbé wọn sókè díẹ̀ tó sì jẹ́ kí wọ́n já lulẹ̀, wọ́n á ṣí. Irin kékeré tó ń di ìlẹ̀kùn wọn mú ló máa ń fò kúrò láyè rẹ̀. Lọ́dún 2023 ni CPSC tún ní kí wọ́n dá nǹkan bí 61,000 àpótí onítẹ̀ka padà, torí ìka ẹnikẹ́ni lè ṣí i bí ẹni tó ni ín ò bá tíì fi ìka tirẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà. Ọmọ kan ti kú kí wọ́n tó kéde. Èyí tí mo fún nọ́ọ̀sì náà ní bọ́tìnnì irin márùn-ún, kò lo bátìrì, kò sì lo iná. Ìka á mọ ọ̀nà rẹ̀ nínú òkùnkùn bó bá ti mọ́ ọn lára.

Ní ti àpótí ńlá, ẹ má jẹ́ kí ìwúwo rẹ̀ tàn yín. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà fún ìbọn, òǹtẹ̀ UL, ilé iṣẹ́ tó ń dán ààbò ọjà wò, èyí tí wọ́n ń pè ní RSC, ló wà lára rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹnì kan ṣoṣo fi òòlù, súkúdíráfà àti irú wọn bá a jà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sì ṣí. Ìṣẹ́jú márùn-ún! Olè tó bá mọ̀ pé ẹ lọ òde ìgbéyàwó ní ju ìyẹn lọ.

Síbẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún kì í ṣe ohun kékeré fún ẹlòmíràn. Èyí tó ju ìdajì àwọn tí ìbọn ń pa lọ́dọọdún ní Amẹ́ríkà lọ ló jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló pa ara wọn. Ọ̀dọ́ tí ayé sú lọ́sàn-án òní, bí ìbọn ò bá sí nítòsí, wàhálà ọkàn náà lè rọlẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìṣègùn JAMA lọ́dún 2005 rí i pé ewu kéré fáwọn ọmọdé àtàwọn ọ̀dọ́ nílé tí wọ́n ti ti ìbọn pa, tí ọta ò sí nínú rẹ̀, tí ọta alára sì wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ níbòmíràn. Bàbá mi àgbà tó jẹ́ ọdẹ ò gbọ́ nípa JAMA rí, òkè àjà ni ṣakabùlà rẹ̀ ń gbé, inú àdó ni ètù rẹ̀ ń gbé, wọn kì í sì í sùn síbì kan náà.

Ní Maryland, láti October 1, 2023, òfin ti kà á léèwọ̀ pé kéèyàn fi ìbọn tó ní ọta síbi tí ọwọ́ ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ti lè tó o. Bí ẹ bá ní ìbọn nílé, ẹ lọ bá àwọn ọlọ́pàá àdúgbò yín, ẹ béèrè okùn irin náà. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló sábà máa ń bá a wá. Ẹ kó ọ̀kan mọ́ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yín, kó máa bá yín jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èkejì sínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ibẹ̀ lọmọ á kọ́kọ́ wò.