Aṣọ Joe àti Aṣọ Estella

Àwọn àgbà a máa wí pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ẹnu wọn náà ni a sì ti gbọ́ pé aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Èwo nínú méjèèjì ni Charles Dickens gbà nínú Great Expectations, ìwé tí ó kọ́kọ́ jáde ní apá-apá láti 1860 dé 1861? Òótọ́ ni pé ayé tí ó ṣáájú oyè Ọbabìnrin Victoria ni ìtàn náà ń sọ, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ayé Victoria ni a kọ ọ́ fún. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ni yóò dáhùn pé òwe kejì ni Dickens gbà. Bí a bá wò ó dáadáa, ọ̀rọ̀ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo Trabb aránṣọ. Oúnjẹ àárọ̀ ni ó ń jẹ nígbà tí Pip, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, wọlé. Kò tilẹ̀ dìde. Ṣùgbọ́n bí ó ti gbọ́ pé ọrọ̀ bọ́ sí ọmọ náà lọ́wọ́, kíá ni ó nàró, ó fi aṣọ tábìlì nu ọwọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wọn ọmọkùnrin náà. Pip kò tí ì wọ aṣọ titun kankan. Òórùn owó ni Trabb gbọ́.

Ẹ wá wo Joe, alágbẹ̀dẹ tí í ṣe ọkọ ẹ̀gbọ́n Pip. Nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, géńdé ọkùnrin ni. Nígbà tí ó wọ aṣọ ìròde lọ kí Pip ní Lọ́ńdọ̀nù, àkẹtẹ̀ rẹ̀ ń jábọ́ ṣáá láti orí pẹpẹ tí ó gbé e lé, ó sì ń pe ọmọ tí òun tọ́ dàgbà ní sà. Kí ó tó lọ, ó ní aṣọ náà kò yẹ òun, pé ìdí iṣẹ́ òun ni ó tọ́ kí a ti máa rí òun. Bẹ́ẹ̀ náà ni Magwitch, ẹlẹ́wọ̀n tí owó rẹ̀ sọ Pip di ọlọ́lá: bí Pip ti ń wọ̀ ọ́ láṣọ tó ni ó túbọ̀ ń jọ ìsáǹsá inú irà ọjọ́sí.

Àwọn tí ó fẹ́ràn ìrẹ̀lẹ̀ a máa yin ọ̀rọ̀ Joe bí ẹni pé òun ni ìdájọ́ ìwé náà. Èmi kò gbà. Bí aṣọ ọlọ́lá kò bá lè gba ara alágbẹ̀dẹ láéláé, a jẹ́ pé kí ọmọ alágbẹ̀dẹ jókòó sídìí ẹwìrì títí ayé. Èyí gan-an sì ni ohun tí àwọn ọlọ́rọ̀ ń fẹ́ gbọ́.

Dickens fúnra rẹ̀ ni ó fún wa ní èsì, bóyá láìfura. Ta ni Estella, tí ohun ọ̀ṣọ́ yẹ, tí ó mú kí Pip máa tijú bàtà ẹsẹ̀ ara rẹ̀? Ọmọ Magwitch ni. Ìránṣẹ́ sì ni ìyá rẹ̀ ní ilé lọ́yà Jaggers. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni, síbẹ̀ ọ̀kan wọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, èkejì wọ ohun iyebíye. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé láti kékeré ni Miss Havisham ti gba Estella tọ́ nínú ọrọ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe ìbí ni ó mú kí aṣọ ìròde máa fún Joe lára. Iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí ó ráyè mọ̀ ọ́n wọ̀: ọjọ́ ìsinmi nìkan ni ó ń rí i lò. Ẹ̀rín tí Dickens mú wa fi Trabb rín tọ́. Ṣùgbọ́n àkẹtẹ̀ Joe tí ń jábọ́ yẹn, ó yẹ kí a rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí a tó fi rẹ́rìn-ín.